Òjò, Ọyẹ́ àti Òkun Tó Ń Kún: Ohun Tí Ìrìn Ayé àti Òṣùpá Ń Ṣe Lọ́dọ̀ Wa

Ìwé tí ọ̀pọ̀ nínú wa lò nílé ẹ̀kọ́ sọ pé ìgbà mẹ́rin ló wà nínú ọdún: ìgbà òtútù, ìgbà ìrúwé, ìgbà ooru àti ìgbà ìwọ́wé. A há a sórí, a kọ ọ́ nínú ìdánwò, a gba máàkì. Ṣùgbọ́n tí a bá jáde síta ní Ìbàdàn tàbí Àkúrẹ́, a ò rí ọ̀kankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn la mọ̀, ọyẹ́ sì ń yà kí wa. Ohun tí ìyẹn wá fi sọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé ọ̀rọ̀ bí ayé ṣe ń yí, ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó ni, kò kàn wá.

Ó kàn wá gan-an. Òjò tí àgbẹ̀ ń retí kó tó gbin àgbàdo, eruku tó ń bo àga ní oṣù kejìlá, ọjọ́ tí Ìtúnu Àwẹ̀ máa bọ́ sí, omi òkun tó ń wọlé tọ àwọn ará etí òkun, gbogbo wọn ló so mọ́ ìrìn ayé àti ìrìn òṣùpá. Ibi tí àwa wà ni mo fẹ́ dúró ṣàlàyé rẹ̀, torí pé ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ náà ti ń hàn kedere jù.

Ẹ jẹ́ ká mú yíyí tí ayé ń yí lórí ara rẹ̀ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ìwọ̀-oòrùn ló ń yí láti ibẹ̀ lọ sí ìlà-oòrùn, wákàtí 24 ló sì ń gbà kí oòrùn tó padà sójú ibi tó wà lánàá. Oòrùn ò rìn. Àwa là ń yí kọjá níwájú rẹ̀. Ẹni tó dúró jẹ́ẹ́ ní Èkó, ilẹ̀ tó tẹ̀ ń sáré bíi kìlómítà 1,650 láàárín wákàtí kan. Kí ló dé tí a kì í fi í mọ̀ ọ́n lára? Ilé, igi, afẹ́fẹ́ àti àwa fúnra wa, eré kan náà la jọ ń sá, eré ọ̀hún kì í sì í pọ̀ tàbí dín kù lójijì. Kí eré yí padà lójijì ni ara èèyàn ń mọ̀.

Inú yíyí yìí ni aago ti wá. Dígírì 15 ni ayé ń yí láàárín wákàtí kan, ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá ti Benin kọjá sí Togo ní ẹnubodè Hilla-Condji fi ń dá aago rẹ̀ padà sẹ́yìn ní wákàtí kan. Ti Nàìjíríà tún ní ìtàn tirẹ̀. Ìlà tó wà ní dígírì 15 sí ìlà-oòrùn la fi ṣètò aago wa, ìlà náà ò sì gba inú Nàìjíríà kọjá rárá. Cameroon àti Chad ló gbà. Nítorí náà, nígbà tí aago bá lu méjìlá ọ̀sán ní Èkó, oòrùn ò tíì dé góńgó. Ó máa ń kù bí ìṣẹ́jú 15 kí aago kan lù kó tó dé ibẹ̀, ó sì lè yẹ̀ díẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn bí oṣù bá ṣe rí.

Ìrìn kejì ni yíyí tí ayé ń yí oòrùn ká. Ọjọ́ 365 àti nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà ló ń gbà, wákàtí mẹ́fà yẹn là ń kó jọ fún ọdún mẹ́rin tí oṣù kejì fi ń ní ọjọ́ 29. Ibí ni àṣìṣe tó gbilẹ̀ jù wà. Ọ̀pọ̀ èèyàn, títí kan àwọn tó kàwé dáadáa, gbà pé nígbà tí ayé bá sún mọ́ oòrùn ni ooru ń mú, tó bá sì jìnnà, òtútù dé. Lóòótọ́, ayé a máa sún mọ́ ọn, a sì máa jìnnà sí i, ṣùgbọ́n ẹ wo ìgbà tó ń ṣẹlẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní ni ayé ń sún mọ́ oòrùn jù, ní bíi kìlómítà mílíọ̀nù 147. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje ló ń jìnnà jù, ní bíi mílíọ̀nù 152. Oṣù kìíní yẹn gan-an lojú àwọn èèyàn wa ní Lọ́ńdọ̀nù àti Chicago ń rí màbo lọ́wọ́ òtútù.

Ohun tó ń fa ìyàtọ̀ ni pé ayé ò nàró ṣánṣán. Ó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní dígírì 23.4, bó sì ṣe ń yí oòrùn ká, ẹ̀gbẹ́ kan náà ló ń fì sí látìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin. Tó bá di oṣù kẹfà, ìlàjì ayé ti àríwá ló dà orí kọ oòrùn. Tó bá di oṣù kejìlá, ó kan ti gúúsù. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ojúmọmọ a máa gùn ju wákàtí 16 àbọ̀ lọ ní oṣù kẹfà, kì í sì í pé mẹ́jọ nígbà tó bá kù díẹ̀ kí Kérésìmesì dé. Ní Èkó, nítorí pé a sún mọ́ ìlà agbedeméjì ayé, ìyàtọ̀ láàárín ọjọ́ tó gùn jù àti èyí tó kúrú jù kì í pé wákàtí kan. Bóyá ìyẹn ló jẹ́ ká máa rò pé nǹkan kan ò yí padà lọ́dọ̀ wa.

Ẹni tó bá fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i, kó ri ọ̀pá tó ga ní mítà kan mọ́lẹ̀ lóòró níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú, kó sì máa wo òjìji rẹ̀ nígbà tí oòrùn bá dé góńgó. Ní Èkó, ní nǹkan bí ọjọ́ 21 oṣù kẹfà, òjìji ọ̀pá náà yóò jẹ́ bíi sẹ̀ǹtímítà 30, ìhà gúúsù, níbi tí òkun wà, ni yóò sì nà sí, torí pé oòrùn ti kọjá sí àríwá orí wa. Ní nǹkan bí ọjọ́ 21 oṣù kejìlá, àríwá ni yóò nà sí, yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sẹ̀ǹtímítà 60. Láàárín méjèèjì, oòrùn a máa gba orí Èkó kọjá gẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún: ní nǹkan bí ọjọ́ 6 tàbí 7 oṣù kẹrin nígbà tó bá ń lọ, àti ní nǹkan bí ọjọ́ 5 tàbí 6 oṣù kẹsàn-án nígbà tó bá ń bọ̀. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀pá náà ò ní ní òjìji kankan, ẹni tó bá sì dúró síta, abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ni òjìji tirẹ̀ yóò wọ̀. Ní Ìlọrin, nǹkan bí ọjọ́ 12 oṣù kẹrin àti ìparí oṣù kẹjọ ló ń bọ́ sí. Àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ò lè rí irú rẹ̀ láéláé.

Lílọ bíbọ̀ oòrùn lórí wa yìí ló ń gbé òjò rìn. Níbi tí oòrùn bá ti ń ta sí jù, ilẹ̀ á gbóná, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ á fúyẹ́, á máa gòkè, afẹ́fẹ́ láti ibòmíràn á sì ya wá gba ipò rẹ̀. Nígbà tí oòrùn bá dorí kọ àríwá, tí aṣálẹ̀ Sàhárà bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, orí òkun tó wà ní gúúsù wa ni afẹ́fẹ́ ti ń ya wá, pẹ̀lú omi nínú. Yíyí tí ayé ń yí wá dá sí i níbẹ̀. Nítorí pé ilẹ̀ ń yí lábẹ́ afẹ́fẹ́, gbogbo afẹ́fẹ́ tó bá ń rìn jìnnà ní àríwá ìlà agbedeméjì ayé ló máa ń yà sí ọ̀tún. Afẹ́fẹ́ tó ti gúúsù wá tó sì yà sí ọ̀tún, ìwọ̀-oòrùn gúúsù ló máa dà bíi pé ó ti wá, láti orí òkun tààrà. Ẹ wo ibi tí ìkùukùu ti máa ń ṣú wá nínú oṣù kẹfà àti keje, ẹ ó rí i.

Àwọsánmà òjò yìí kì í bá oòrùn rìn ní ẹsẹ̀ kan náà. Ó máa ń fi oṣù kan sí méjì tẹ̀lé e lẹ́yìn, nítorí pé ó ń pẹ́ kí ilẹ̀ àti òkun tó gbóná. Òjò àkọ́rọ̀ á kọ́kọ́ rọ̀, ní bí oṣù kẹta sí kẹrin. Nígbà tó bá di oṣù kẹfà, òjò Èkó á dé ojú ẹ̀. Ní oṣù kẹjọ, ibi tí òjò ti pọ̀ jù ti kọjá lọ sí òkè, Kano àti Ṣókótó ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú òjò ọdún wọn, àwa sì rí ìsinmi díẹ̀. Omi òkun tó wà létí ilẹ̀ wa tún máa ń tutù lásìkò náà, ìyẹn náà ń dín òjò kù. Nígbà tí àwọsánmà bá wá ń padà bọ̀ lẹ́yìn oòrùn, ó tún gba orí wa kọjá lẹ́ẹ̀kejì ní oṣù kẹsàn-án àti kẹwàá. Ẹ̀ẹ̀mejì ló kọjá lórí wa, ìdí nìyẹn tí àgbẹ̀ ọ̀dọ̀ wa ní gúúsù fi lè kórè àgbàdo lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ní Kano, ibẹ̀ ló ti ń ṣẹ́rí padà, ìgbà òjò kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Lójú tèmi, èyí ló yẹ kí olùkọ́ kọ́kọ́ fi yé ọmọ wa, kó tó sọ fún un nípa yìnyín tí kò rí rí.

Ní oṣù kejìlá, oòrùn ti sọ̀ kalẹ̀ lọ sí gúúsù, afẹ́fẹ́ Sàhárà wá ráyè wọlé. Òun náà ń yà sí ọ̀tún bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, nítorí náà ìlà-oòrùn àríwá ló ń gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Ọyẹ́ nìyẹn, tó ń la ètè, tó ń gbẹ aṣọ lórí okùn kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Eruku tó ń gbé bọ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ ló ti ibì kan wá, ilẹ̀ kòtò tí wọ́n ń pè ní Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad. Bí eruku ṣe pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, ìrìn kẹta tí ayé ń rìn ló fà á, ìrìn tó lọ́ra débi pé kò sí ẹni tó lè rí i lójú ayé rẹ̀.

Ẹ rántí òkòtó tí àwọn ọmọdé ń ta. Bó ṣe ń yí kíkankíkan tó, orí rẹ̀ náà a máa rọra yí po lójú òfuurufú. Bí ayé ṣe ń ṣe nìyẹn, àmọ́ nǹkan bí ọdún 26,000 ni orí rẹ̀ ń fi yí po lẹ́ẹ̀kan. Bó ṣe ń yí po ni ìgbà tí ayé ń sún mọ́ oòrùn jù ń ṣí kúrò nínú oṣù kan bọ́ sí òmíràn. Ní nǹkan bí ọdún 10,000 sẹ́yìn, àárín ọdún, nígbà tí àríwá ayé dà orí kọ oòrùn, ni sísúnmọ́ náà bọ́ sí. Ooru Sàhárà wá le ju ti ìsinsìnyí lọ, ó fa afẹ́fẹ́ olómi láti orí òkun wọnú ilẹ̀ jìnnà, òjò sì ń rọ̀ níbi tó jẹ́ kìkì yanrìn lónìí. Koríko hù níbẹ̀, erinmi àti ọ̀nì gbé inú odò rẹ̀. Adágún Chad ìgbà yẹn fẹ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta ilẹ̀ Nàìjíríà. Ní ọdún 1987, darandaran kan tó ń gbẹ́ kànga ní abúlé Dufuna, ní ìpínlẹ̀ Yobe, kan ọkọ̀ igi gbígbẹ́ kan lábẹ́ ilẹ̀. Ọkọ̀ náà gùn ju mítà mẹ́jọ lọ, ọjọ́ orí rẹ̀ sì tó nǹkan bí ọdún 8,000. Àwọn tó gbẹ́ ẹ mọ omi dunjú.

Nígbà tó di bí ọdún 5,000 sẹ́yìn, orí ayé ti yí kúrò níbẹ̀, òjò fà sẹ́yìn, adágún ńlá náà gbẹ. Bodélé jẹ́ apá kan ìsàlẹ̀ adágún ọ̀hún. Eruku rẹ̀ fúyẹ́, ó funfun, torí pé èépá àwọn ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín tó gbé inú omi náà ló pọ̀ nínú rẹ̀. Òun wà lára ohun tí ẹ̀ ń fi àkísà nù lórí tábìlì ní àsìkò ọyẹ́. Afẹ́fẹ́ tún ń gbé òmíràn nínú rẹ̀ ré òkun kọjá, títí dé igbó Amazon ní Brazil.

Ó kan òṣùpá. Nǹkan bíi kìlómítà 384,000 ló jìnnà sí wa, kò sì ní ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀. Oòrùn ló ń tàn sí i lára. Ìlàjì rẹ̀ wà nínú ìmọ́lẹ̀ nígbà gbogbo. Bó ṣe ń yí ayé ká, ìwọ̀n tí a lè rí nínú ìlàjì náà ló ń yí padà. Ọ̀pọ̀ ló rò pé òjìji ayé ló ń bò ó tó fi ń di fẹ́lẹ́. Tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, ẹ wò ó dáadáa ní ìrọ̀lẹ́: ìhà tí oòrùn wọ̀ sí ni òun náà wà, ẹ̀yìn rẹ̀ tó mọ́lẹ̀ sì kọjú síbẹ̀. Ayé ò sí láàárín wọn rárá. Nígbà tó bá pé bí ọjọ́ 14 tàbí 15, ó ti bọ́ sí òdìkejì oòrùn. Bí oòrùn ti ń wọ̀, ó ń yọ, kò sì ní wọ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Òṣùpá àrànmọ́jú nìyẹn. Láti ìgbà náà lọ, yóò máa fi bíi ìṣẹ́jú 50 pẹ́ sí i lójoojúmọ́ kó tó yọ. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá, ọ̀gànjọ́ òru ló ń yọ, ẹ ó sì rí i lójú ọ̀run láàárọ̀ nígbà tí àwọn ọmọ ń lọ síléèwé.

Láti oṣù tuntun sí oṣù tuntun jẹ́ ọjọ́ 29 àbọ̀ àti díẹ̀, nítorí náà oṣù àwọn Mùsùlùmí a máa jẹ́ ọjọ́ 29 tàbí 30. Méjìlá irú rẹ̀ kò ju ọjọ́ 354 tàbí 355 lọ, ó fi bí ọjọ́ 11 dín sí ọdún tí à ń fi oòrùn kà. Ìdí nìyẹn tí Àwẹ̀ fi ń sún síwájú lọ́dọọdún, tó fi lè bọ́ sínú ọyẹ́, kó tún bọ́ sínú òjò. Ní ọdún 2030, ẹ̀ẹ̀mejì ni Ràmàdáánì yóò bẹ̀rẹ̀, ní oṣù kìíní àti ní ìparí oṣù kejìlá. Àríyànjiyàn lórí rírí oṣù náà ní ìdí. Lọ́jọ́ tí òṣùpá bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oòrùn gan-an, kò sí ojú tó lè rí i. Ó ń gbà tó wákàtí 15, ó kéré tán, kó tó kúrò níbẹ̀ débi tí ojú lásán á fi tó o. Láàárín àsìkò yẹn, ayé ṣì ń yí. Ìrọ̀lẹ́ lè ti lé bá wa ní Ìbàdàn kó tó tó àkókò tí ojú lè rí i, kí àwọn tó wà ní Amẹ́ríkà, tí oòrùn tiwọn ń wọ̀ ní ọ̀pọ̀ wákàtí lẹ́yìn tiwa, sì rí i lálẹ́ ọjọ́ kan náà. Kò sí ẹni tó purọ́ nínú wọn. Àwọn Kristẹni náà ń fi òṣùpá kà: ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé òṣùpá àrànmọ́jú àkọ́kọ́ láti ọjọ́ 21 oṣù kẹta ni Àjíǹde ń bọ́ sí.

Agbára òòfà òṣùpá ló ń mú kí òkun kún kó sì fà. Ohun tó máa ń rú èèyàn lójú ni pé ẹ̀ẹ̀mejì ni òkun ń kún lóòjọ́, bẹ́ẹ̀ òṣùpá kan ṣoṣo la ní. Bó ṣe jẹ́ rèé. Ohun tó bá sún mọ́ òṣùpá ló ń fà jù. Omi tó wà níhà ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ń fà á ju bó ṣe ń fa àárín ayé lọ, omi náà á sì wú síhà ọ̀hún. Ṣùgbọ́n ó tún ń fa àárín ayé ju bó ṣe ń fa omi tó wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún lọ, nítorí náà omi ẹ̀yìn á ṣẹ́kù sẹ́yìn, òun náà á wú. Ibi méjì ló wú, ayé ń yí nínú wọn, etí òkun wa sì ń kọjá lára méjèèjì. Láti ìkún kan sí èkejì tó bíi wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 25. Ní etí òkun Èkó, ìyàtọ̀ láàárín ìkún àti ìfà ò ju bíi mítà kan lọ. Ní Bay of Fundy ní Kánádà, nítorí bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe há omi mọ́, ó lè tó mítà 16.

Oòrùn náà ń fa òkun, agbára tirẹ̀ lórí omi kò pé ìdajì ti òṣùpá. Tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, tàbí tí òṣùpá bá di àrànmọ́jú, òun àti oòrùn wà lójú ìlà kan, wọ́n jọ fà á pọ̀, òkun á kún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní ìdájí ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 18 oṣù kẹjọ ọdún 2012, òkun ya wọ etíkun Kuramo ní Èkó, ó gbé àgọ́, ó gbé èèyàn lọ. Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni ọdún Ìtúnu Àwẹ̀. Ẹ ó rí i pé oṣù ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni, òṣùpá àti oòrùn ń fà pọ̀. Òṣùpá nìkan ò lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló ń dá ìgbì sílẹ̀ lójú agbami, etí òkun ibẹ̀ sì ti jẹrà tipẹ́. Ṣùgbọ́n ìgbì tó bá dé nígbà tí omi ti kún dé góńgó, ibi tí yóò wọ̀ á jìnnà ju ti ọjọ́ mìíràn lọ. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọjọ́ tí omi yóò ga jù kì í ṣe àṣírí, ó ṣeé ṣírò sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú. Ó yẹ kí àwọn ará Kuramo ìgbà yẹn, àti àwọn ará Ayétòrò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ tí òkun ń lé kúrò nílé títí dòní, máa gbọ́ ọ lórí rédíò ní èdè tí wọ́n ń sọ, bí a ṣe ń kéde eré bọ́ọ̀lù.

Fífà yìí kò mọ sí omi. Bí ayé ṣe ń yí lábẹ́ omi tó wú, omi ń dá a dúró díẹ̀díẹ̀, ọjọ́ wa sì ń gùn sí i, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọgọ́rùn-ún ọdún kò fi ju ìdá méjì nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan kún un. Òṣùpá náà ń sún sẹ́yìn ní bíi sẹ̀ǹtímítà 3.8 lọ́dún. Dígí tí àwọn ará Amẹ́ríkà tó bá ọkọ̀ Apollo 11 lọ sí òṣùpá gbé sórí rẹ̀ ní ọdún 1969 wà lára èyí tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n.

Ìgbà míì, òṣùpá a máa dí oòrùn lójú. Kì í ṣe gbogbo oṣù, torí ọ̀nà tó ń tọ̀ fì ní bíi dígírì márùn-ún, òkè oòrùn tàbí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló sábà máa ń gbà kọjá. Ní ọjọ́ 20 oṣù karùn-ún ọdún 1947, ó ṣẹlẹ̀ láti Brazil wá dé Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, Nàìjíríà náà sì wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 2006, ilẹ̀ ṣú lójúmọmọ ní Ghana, Togo, Benin àti ìwọ̀-oòrùn àríwá Nàìjíríà. Èyí tó ń bọ̀ ní ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ ọdún 2027 yóò bo oòrùn pátápátá ní gúúsù Spain, ní Íjíbítì àti ní Mẹ́kà. Ní Nàìjíríà, apá kan oòrùn ni yóò bò, bí èèyàn bá sì ṣe ń lọ sí àríwá ni yóò máa pọ̀ sí i. Ẹ má fi ojú lásán wò ó, ẹ má sì wò ó nínú omi abọ́ tàbí láti inú fọ́tò X-ray. Wọ́n ń ba ojú jẹ́, kì í sì í dunni títí yóò fi bàjẹ́ tán. Ẹ dá ihò kékeré kan sára páálí, kí ẹ kọ ẹ̀yìn sí oòrùn, kí ìmọ́lẹ̀ gba inú ihò náà bọ́ sílẹ̀: àwòrán oòrùn tí òṣùpá ti bù jẹ ni yóò hàn níbẹ̀. Ẹni tí kò bá rí páálí, kó lọ sábẹ́ igi máńgòrò. Àlàfo àárín ewé ń ṣe iṣẹ́ ihò kan náà, gbogbo àpá ìmọ́lẹ̀ tó bọ́ sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ ni yóò ní ibi tí òṣùpá ti jẹ ẹ́.